Ìwọ̀n Òwúrọ̀

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìjàyè ṣì ń hanrun.
Àkùkọ Baba Ṣówándé kò tíì tún ọ̀fun ṣe,
mo ti ń fi iná fóònù wá ẹsẹ̀ bàtà kejì.
Bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni:
aago márùn-ún géérégé, ó ti kúrò ní Láfẹ́ńwá,
ó di Ọ̀tà, níbi tí mo ti ń wọn àpò ìyẹ̀fun
láti ọdún kọkànlá wá.

Láyé ọjọ́sí, búrẹ́dì odindi ni,
àkàrà mẹ́fà nínú ìwé ìròyìn;
epo á ti ka ìròyìn náà tán kí n tó ṣí i.
Tíì inú fúláàsì, ṣúgà kúùbù mẹ́rin,
mínírà kan láti fi tì í sísàlẹ̀.
Kí a tó dé Ìtorí, oorun á ti gbé mi bí ẹrù.

Lọ́jọ́ kan iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́, a ń ṣàwàdà.
Ọláníwún ní, "Ọ̀gá, ẹ gun òṣùwọ̀n ká wò ó."
Mo gùn ún. Abẹ́rẹ́ sá lọ bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé:
àpò ìyẹ̀fun méjì, ó tún ku kóńgò mélòó kan lórí.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín mi kò kọjá eyín.
Èmi tí mò ń wọn nǹkan fáyé, n ò mọ ìwọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Ṣómúyìwá ní Ìdí-Àbà so aṣọ mọ́ mi lápá,
ó fún un, ó wo nọ́ńbà, ó wò mí, ó tún nọ́ńbà wò.
Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé,
"Wákàtí mélòó lẹ fi ń jókòó sínú ọkọ̀?"
Mo ní márùn-ún, àlọ àtàbọ̀.
Ó ní, "Ìjókòó kì í kọ ebè.
Kí ló dé tí ẹ ń fún un lóúnjẹ àgbẹ̀?"

Nísinsìnyí, alẹ́ ni òwúrọ̀ mi ti ń bẹ̀rẹ̀.
Ṣijúadé á se ẹyin méjì, á fi wọ́n sínú omi tútù.
Á gé ìbẹ́pẹ wẹ́wẹ́ sínú rọ́bà olómorí pupa,
èyí tí ọmọ wa ń gbé lọ síléèwé nígbà kan,
àwòrán ẹja ara rẹ̀ ti ṣí kù ìrù.
Mọ́ínmọ́ín eléwé kan, epo inú rẹ̀ kò tó ta síni láṣọ.
Ẹ̀kọ kan. Ẹ̀pà ìdajì ìkúnwọ́. Omi.
Lọ́jọ́ tí ewé bá wọ́n, ògì bàbà ni, láìsí ṣúgà,
tí mo ń mu bí ẹni tó ń gba ìbáwí.

Ìyá mi pè láti Ìkèrèkú:
"Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe!
Ṣé Ṣijúadé ti ya ahun ni?"
Mo ní, "Ìyá, ó ń tọ́jú mi dè yín ni."
Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́,
ikùn mi ń pariwo ju ẹ́ńjìnnì lọ.
Wàhábì tó jókòó tì mí ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò gbọ́.
Lọ́sẹ̀ kẹta, mo ṣí omorí, òórùn ìbẹ́pẹ gba ọkọ̀,
ó na ọwọ́, kò sọ̀rọ̀. Mo bù fún un.
A jí títí dé Ọ̀tà.
N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé igi ọ̀pẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́nà yẹn.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Mo tún òṣùwọ̀n gùn, èmi nìkan.
Àpò méjì. Kóńgò orí rẹ̀ ti dànù.
N kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Ìyá Lámìídì ṣì ń dín àkàrà ní Láfẹ́ńwá.
Lójoojúmọ́ ni mò ń fi ìgbésẹ̀ ajẹgbèsè kọjá lára iná rẹ̀.
Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó ké sí mi:
"Oníbàárà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"
Ojú tì mí. Mo ra ẹyọ kan.
Ẹyọ kan ṣoṣo, nínú ìwé ìròyìn.
Mo jẹ ẹ́ títí dé Ifọ̀.